Bàbá Dọ́gbadọ́gba, Ẹni Tó Fi Orúnkún Wá Báàsì

Ní ọdún 1944, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà, ni wọ́n bí bàbá wa tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Dọ́gbadọ́gba. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá wọn.

Ní 1970, wọ́n fẹ́ ìyá wa, ẹni tó ń ṣáájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ní ìfẹ́ orin ló gbé Bàbá wọ ẹgbẹ́ akọrin. Irọ́ ni o. Ìyá wa ni.

Àpótí sípíkà tí wọ́n ń kàn ló sọ Bàbá di olókìkí. Ilé tí sípíkà kan bá ti ń ké ju èkejì lọ, Bàbá ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Wọ́n á jókòó sáàrin pálọ̀, wọ́n á sún tọ̀tún sẹ́yìn, wọ́n á yí tòsì kọjú sí àga, wọ́n á dijú, wọ́n á béèrè pé ṣé ó ti dọ́gba. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n máa ń ní ariwo kọ́ ni báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin, pé báàsì tó dáa, èèyàn kì í mọ ibi tó ti ń wá. Ìjà aládùúgbò tí wọ́n fi báyẹn parí kò kéré.

Àṣé iṣẹ́ ńlá ń bẹ nílé. Ní 2016, etí ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í di. Wọ́n ní orin ti dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì jáwọ́ nínú orin kíkọ. Ó dun Bàbá wọra. Wọ́n kan àpótí báàsì ńlá, wọ́n gbé e sí igun pálọ̀ bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Hùn-ùn-ùn ṣáá ló ń ṣe, abọ́ ń jó lórí tábìlì, Màmá ò gbọ́ orin kankan.

Ni Bàbá bá gbé àpótí náà jókòó sórí àga Màmá gan-an! Wọ́n tan orin sí i, wọ́n wá ń rákòrò kiri pálọ̀. Ibi tí báàsì bá ti mọ́ jù létí ẹni tó ń rá, ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé àpótí sí. Á mọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá padà jókòó sórí àga. Pásítọ̀ wọlé, wọ́n ṣe bí awò ojú Bàbá ló sọnù, àwọn náà bá kúnlẹ̀, wọ́n ń bá Bàbá wá a.

Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ló ti mọ́! Bàbá gbé e síbẹ̀, wọ́n rọra yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí òun àti sípíkà méjèèjì fi dọ́gba. Màmá jókòó, wọ́n gbọ́wọ́ lé apá àga. "Bàbá ọmọ mi, ó ń dún láyà mi." Ni wọ́n bá dá orin, inú Bàbá dùn débi pé wọ́n gbàgbé pé orúnkún ń dun àwọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ijó.

Bàbá fi ìyá wa sáyé, ọmọ márùn-ún, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn ti gbá àpótí ẹnu ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn tí Bàbá dákẹ́, a fẹ́ sún un kúrò kí àwọn tó wá kí wa lè ráyè kọjá. Màmá ní ká má fọwọ́ kàn án.

"Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ wọn."

Bàbá Dọ́gbadọ́gba, kí Ọlọ́run gbé àga yín sí ibi tí orin ti mọ́ jù. Ẹ sùn re o.