Omi Aláwọ̀ Ewé Lábẹ́ Mọ́tò Wa

                                                  Ilé 214, Ọ̀nà Adágún Pelto,
                                                  Pelto, Michigan.
                                                  Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 2018.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Taimi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà láìsí ọ̀pá? Walt ọkọ rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ á le. Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù nínú oòrùn Arizona lóṣù kẹta, kí ló fẹ́ ṣe é? Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ̀yin tí ẹ sá fún yìnyín. Tiwa níbí ṣì ga dé ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ara tèmi le, inú ló ń bí mi. Arvo náà wà, ó ní kí n kí yín.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ojú Arvo ti bàjẹ́ débi pé kò lè ka ìwé mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí eku ń jẹ nínú àjà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Taimi, mọ́tò yìí fẹ́ sọ mí di wèrè! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń jò, tí mi ò sì rí ibi tó ti ń jò. O mọ̀ pé ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń gbé Arvo lọ sí ọsibítù tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, látìgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àádọ́ta máìlì ni àlọ, àádọ́ta ni àbọ̀, igbó ni lọ́tùn-ún lósì, fóònù kì í sì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti Kérésìmesì ni Janine ọmọ wa ti là á mọ́lẹ̀ lójú bàbá rẹ̀: “Mọ́mì, ọjọ́ tí mọ́tò yín bá dákú sójú ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé àwọn arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù ni Dádì ń lọ. Mi ò ní gbọ́ àlàyé kankan.” Ó ti fi orúkọ Arvo sílẹ̀ níbẹ̀ pàápàá. Arvo kàn di ife kọfí mú títí kọfí fi tutù. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí, tó sì ní ibẹ̀ lòun máa kú sí!

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo rí omi aláwọ̀ ewé lórí yìnyín lábẹ́ mọ́tò, ọ̀rọ̀ Janine ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo ṣe bí bàbá wa ṣe kọ́ wa, mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà rántí: tó bá dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, tó bá pupa, ọ́ìlì jíà ni, tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, omi rẹdíétọ̀ ni, èyí tí wọ́n po oògùn mọ́ kó má baà dì nínú òtútù. Mo mú bírò, mo ń kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kò le nìyẹn, omi rẹdíétọ̀ ló ń jò. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo bó ṣe dín kù tó. Taimi, ike tí a ń bu omi náà sí kún! Ó kún kọjá ilà tí wọ́n fà sí i lára. Irú omi wo ló ń jò nílẹ̀ tí kò dín lókè? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni Reino, aládùúgbò wa, ti yọjú. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó mọ wákàtí tí kọfí mi ń hó ju èmi alára lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí yìnyín, ó ti ìka bọ omi náà, ó sì lá a. Mo figbe ta.

“Reino! Májèlé ni!”

“Mo mọ̀, díẹ̀ ni mo tọ́ wò. Ó dùn. Omi rẹdíétọ̀ ni.”

“Ṣé mi ò ti sọ fún ọ pé omi rẹdíétọ̀ ni kí o tó lá a?”

Lọ́jọ́ yẹn ó ní páìpù ló lu. Lọ́jọ́ kejì ó ní pọ́ǹpù omi ló ti kú. Lọ́jọ́ kẹta, tí búrẹ́dì mi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, “Irja, ẹ́ńjìnnì yẹn ti sán. Kí o máa gbàdúrà ló kù.” Mo ní kó dìde lórí àga mi.

Mo gbé mọ́tò lọ bá Dale. Arvo ló kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì, Dale yìí ló sì gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ojú Arvo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dale so ẹ̀rọ mọ́ rẹdíétọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, a jọ dúró tì í. Kò jò rárá. Ó ní, “Mà, kò síbi tó ti ń jò o.” Mo lọ gbé páálí mi, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ tí mo kọ sí i. Ó wò ó, ó họ orí. Ó pààrọ̀ ìdérí, ó pààrọ̀ páìpù rọ́bà méjèèjì. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, omi tún wà nílẹ̀. Mo padà lọ, mo pariwo lé e lórí lójú àwọn oníbàárà rẹ̀: “Ṣé Arvo ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí ṣá, àbí ẹlòmíì?” Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹyin lohùn, Taimi, ó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, nígbà tí a ti ọsibítù dé, Dale fa omi náà kúrò títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ilà. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ní Ọjọ́bọ̀ mo wò ó, kò kúrò lójú ilà, páálí gbẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ká tó gbéra, mo tún ṣí i. Omi ti fi ìka mẹ́ta ju ilà lọ! Nínú ẹ́ńjìnnì tó tutù bí òkúta! Reino ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo bú u láti òkè délẹ̀, òun náà ń búra láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ nínú aṣọ oorun. Nígbà tí Arvo wà lórí ẹ̀rọ, mo pe Dale láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.

Ó wá ní, “Mà, ẹnì kan ń bu omi sí i. Tó bá ti kún jù, tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná, omi á wú, kò ní ríbi gbà, á tú jáde ní ọrùn ike. Mọ́tò yín ò ṣe nǹkan kan.”

“Ta ló ń bù ú?”

“Mi ò mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi máa ń sọ fún wa pé a kì í rin ìrìn àjò láìkọ́kọ́ yẹ omi mọ́tò wò.” Kíá ló gbé fóònù sílẹ̀.

Àbúrò mi, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù lórí. Láràárọ̀ ọjọ́ tí a bá ń lọ ọsibítù, bí mo bá ti ń se kọfí, Arvo á wọ bàtà, á ní òun ń lọ kó igi tí a fi ń mú sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, gbóná. O mọ okùn tí mo so láti ẹ̀yìnkùlé lọ sí ibi igi kó lè máa dì í mú rìn? Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò gan-an ló gbà kọjá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan sì ni a máa ń dáná sáúnà! Igi ti kún yàrá tí a ti ń bọ́ra kí a tó wọ ibi ìwẹ̀, ó ti kan àjà, mi ò ríbi fi aṣọ ìnura kọ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ráhùn igi yìí, mi ò bi í léèrè rí. Ìwọ náà mọ̀ wá: nílé tiwa, a kì í tẹ̀ lé ọkùnrin tó bá ń lọ kó igi.

Láàárọ̀ àná, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ó di okùn mú, ó dé ìdí mọ́tò, ó fọwọ́ wá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí i. Ó fa gálọ́ọ̀nù jáde láàárín igi. Ó ti ìka bọ ẹnu ike, ó ń da omi títí omi fi kan ìka rẹ̀. Kò lè rí ilà, Taimi. Ó fi àkísà nu ẹnu ike náà, ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó wá kó igi mẹ́ta dání. Ó wọlé, ó ní òtútù ti ń rọlẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí a dé àárín igbó, mi ò lè gbé e mì mọ́. Mo ní Dale sọ pé ẹnì kan ń bu omi sí mọ́tò wa jù. A rin bíi máìlì mẹ́jọ. Ó wá ní, “Mo kàn ń bu díẹ̀ sí i kó má baà gbẹ ni. Ìwọ lo wá ń pariwo pé ó ń jò. Gbogbo ìgbà tí o bá ti pariwo, mo máa ń fi kún un. Mi ò fẹ́ kó dákú sójú ọ̀nà.” Ó kọjú sí fèrèsé. “Mi ò fẹ́ lọ sílé yẹn, Irja.” Láti Kérésìmesì, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba mọ́tò jẹ́, àbí?” Mo ní kò ba nǹkan kan jẹ́. Omi bo ojú mi débi pé mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

Láàárọ̀ òní, páálí gbẹ. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Ṣùgbọ́n Arvo jókòó síbi tó jókòó sí, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, ó ní òun ò lọ kó igi kankan mọ́. Inú bí mi, mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Mo lọ sídìí mọ́tò, mo fi ike onírọ́bà tí mo fi ń fa omi ẹran fa omi náà jáde títí ó fi lọ sísàlẹ̀ ilà dáadáa. Mo wá fi igbe bọnu láti ìta: “Arvo! Omi mọ́tò yìí ti lọ sílẹ̀ o! Níbo lo fi gálọ́ọ̀nù sí? Wá bá mi bù ú, mi ò mọ̀ ọ́n dà!”

Wàrà ló jáde, kò tilẹ̀ dé fìlà. Ó ń dà á, èmi ń wo ilà. Mo ní díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó tó. Ó ní, “Ṣé ó dá ọ lójú? Ìwọ tí o kì í wo nǹkan fínnífínní.” Láti ọdún méjìdínláàádọ́ta tí a ti fẹ́ra, mi ò gbádùn èébú kan báyìí rí.

Jọ̀wọ́, tí Janine bá pè ọ́, sọ fún un pé mọ́tò wa ò jò. Òótọ́ sáà ni. Mo ti lọ bẹ Dale. Ti Reino, búrẹ́dì odidi ni mo gbé lọ, nítorí ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ẹ́ńjìnnì ṣì sán lójú tòun.

Bá mi kí Walt àti àwọn ọmọ. Tí ẹ bá ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, ẹ wá wẹ sáúnà títí ara yín á fi bó. Igi tí Arvo ti kó jọ á tó gbogbo wa.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ aláriwo tó fẹ́ràn rẹ,

Irja.