Ọmọ-ọmọ Tíṣà Dákẹ́ Lọ́jọ́ Àwọn Olùkọ́

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí màmá mi, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá wa tọ́jú yín. Àlàáfíà la wà ní Jahi níbí. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn Àbújá ti gba iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtìjú ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, iléèwé Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi ṣe àyájọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀gá iléèwé ṣàlàyé pé àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan nígbà kan lórí ẹ̀tọ́ àti iyì olùkọ́, pé ìrántí ìpàdé yẹn là ń ṣe. Àwọn ọmọ kọrin, wọ́n fún tíṣà wọn ní káàdì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà. Èmi jókòó níwájú, mò ń yangàn fáwọn òbí tó wà nítòsí pé tíṣà Yorùbá ni bàbá mi l'Ékìtì.

Ọ̀gá gbọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ tó ní tíṣà nílé wá fi èdè ilé wọn dúpẹ́. Ọmọ Haúsá kan sọ tirẹ̀, ọmọ Tiv kan sọ tirẹ̀, a pàtẹ́wọ́. Ó wá kan Tèmítọ́pẹ́. Ó lanu, kò rí nǹkan sọ. Ó wojú mi, ó fi òyìnbó dúpẹ́, ó sì sá wá jókòó. Bàbá mi, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ gbé mi mì.

Nínú ọkọ̀, ó bi mí ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá àgbà kọ́ gbogbo ọmọ ìlú ní Yorùbá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló wá yẹ kó kọ́ òun. Nígbà tí a délé, mo rò ó fún ọkọ mi. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí ọmọ Àbújá ṣe ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fi òyìnbó jí i láràárọ̀.

Tí wọ́n bá gba họlidé Kérésì, màá mú un wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òyìnbó dá a lóhùn. Láàárọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, ó kí mi ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ń wọ́ bíi ti àlejò. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín títí òun á fi mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Tó bá dé, ẹ bá mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tàgbà tèwe.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀.