Ẹ̀rọ Bọ̀dá Thayer Ti Dákẹ́, Ọkàn Bàbá Ò Sì Balẹ̀

“Tenley, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́, mi ò sì fẹ́ràn bó ṣe dákẹ́ yẹn rárá!”

Ohun tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo rẹ̀ nìyẹn, Bọ̀dá Thayer, bẹ́ẹ̀ iwájú mi gan-an ni wọ́n jókòó sí, tábìlì ilé ìdáná nìkan ló wà láàárín wa. Àtìgbà tí ẹ̀rọ yín ti ń han ní ṣẹ́ẹ̀dì, ilé pákó tí a ń kó irinṣẹ́ sí, ni gbogbo wa ti ń fi ariwo bára wa sọ̀rọ̀. Ó ti wá dákẹ́ tán, ẹnu wa ò tíì gbọ́. Màmá náà ń fi igbe gba àdúrà oúnjẹ bíi pé etí Ọlọ́run ló di.

Bàbá ní kí n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà yìí sínú ìwé jálajàla mi kí n tó dà á kọ sórí pépà tó mọ́, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dáa, tíṣà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Nítorí náà ohun tó bá wù mí ni màá kọ síbí, ohun tó bá wu Bàbá ni màá dà kọ. Èmi ni mò ń kọ ọ́ torí pé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ṣì wà nínú nǹkan líle tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù, láti ìgbà tí àkàbà ti dà wọ́n nù níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ̀ka ápù. Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ṣubú. Mo fẹ́ sọ fún yín lórí fóònù, ẹ ò jẹ́ n sọ ọ́.

Ìdí tí Bàbá fúnra wọn ò fi pè yín ni pé wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ń tẹ́tí. Wọ́n ní okùn iná tó ń jẹ àti okùn tí ọ̀rọ̀ ń gbà, inú ilé kan náà ni méjèèjì ń gbà wọlé, ta ló wá lè sọ pé ọ̀rọ̀ ò lè ṣìnà bọ́ sí i lẹ́nu. Mo ní fóònù wa ò ní okùn. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló burú jù, ohun téèyàn ò rí okùn ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ẹni tó dì í mú lódìkejì.

Ó dáa, ìkíni. Bàbá ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú òjò Seattle. Wọ́n ní ìlú ńlá ò ní gbé yín mì, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi jáde lẹ máa fi wọlé, ọ̀gá yín ò ní ṣì yín rò, ẹni tó sì ń ta ife kọfí kan fún yín ní iye owó tí wọ́n ń ta ìgò jáàmù ńlá níbí, Ọlọ́run á bi í léèrè. Màmá ní kí n bi yín bóyá wọ́n ń ta ẹran gidi níbẹ̀ àbí ewé nìkan.

Ìròyìn ilé. Yìnyín ti yọ́ tán lórí òkè. Màmá Brisbois aládùúgbò wa ti ta katakata wọn, wọ́n ń sunkún lé e lórí bíi pé ọmọ wọn ló lọ sógun. Ṣóńṣó ẹ̀ka ápù ti ń pọ́n, òdòdó máa tó là. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìrì dídì kan ṣoṣo tó bá bọ́ sórí òdòdó tó ti là, kò sí ápù lọ́dún yìí nìyẹn. Àwọn fáànù ńlá orí òpó, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó móoru láti òkè wá sórí igi, máa ń jí fúnra wọn tí òtútù bá ti fẹ́ di yìnyín, àmọ́ ẹ rántí èyí tó wà lápá kánáàlì tí omi ń gbà wọ oko, ògbólógbòó yẹn, irin ńlá tí a fi ń jí i ń fẹ́ ọwọ́ méjì. Bàbá ní ọwọ́ kan. Wọ́n ní, “Bi í bóyá ó máa wá nígbà òdòdó.” Mo ti ń kọ ọ́ lọ kí wọ́n tó ní, “Pa á rẹ́. Bàbá kì í bẹ ọmọ kó tó wá sílé bàbá ẹ̀.” Mo ní mo ti pa á rẹ́. Irọ́ ni mo pa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá kù, Bàbá sì ní kí n to gbogbo ẹ̀sùn ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Nígbà tẹ́ ẹ gbé e wá lẹ́yìn Kérésì, ẹ ní ó ń wa bítíkọ́ìnì, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti pé torí iná tí omi ìsédò ń mú wá níbí ò wọ́n lẹ ṣe gbé e wá bá wa. Ẹ ò tíì dé ojú títì tí Bàbá ti dojú bolẹ̀ tí wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ń wa nǹkan gbọ́dọ̀ ní ihò, tó bá sì ní ihò, erùpẹ̀ ẹ̀ dà? Títí di òní ni wọ́n ń gbá abẹ́ ẹ̀, wọ́n á gbé ohun tí wọ́n gbá lọ síwájú fèrèsé, wọ́n á wò ó wò ó.

Kò tóbi ju páálí bàtà lọ, àmọ́ àwọn fáànù kékeré ara ẹ̀ ń ké bí ayùn oníná tí ẹnì kan ń tẹ̀ láìgé igi kankan. Màmá ò rí oorun sùn. Bàbá ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Wọ́n gba òwe yẹn gbọ́ tọkàntọkàn, wọ́n wá ń dúró kó rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Màmá Brisbois wá bi wá pé kí là ń lọ̀. Bàbá ní fìríìjì ni. Màmá Brisbois ní, “Fìríìjì wo ló ń ké báyìí, àbí ẹran inú ẹ̀ ò tíì kú ni?” Wọ́n ní tí kò bá dákẹ́ àwọn máa fẹjọ́ wa sun ìjọba ìbílẹ̀.

Bàbá wá ronú. Ní oko wa, òtútù ló ń jí fáànù. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, fáànù ò ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju kó gbéra nígbà tí òtútù bá fẹ́ pa nǹkan. Nítorí náà ẹ̀rọ yín ń gbọ̀n ni, òtútù ló ń mú un, ọmọ wọn sì gbé e jù sínú ṣẹ́ẹ̀dì láìní aṣọ. Wọ́n fi aṣọ funfun tí a fi ń bo igi kékeré bò ó. Ó ké sí i. Wọ́n ní àìsàn ẹ̀ ti wọra. Wọ́n yọ aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí ìyá Màmá rán lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wé e mọ́ ọn bí ọmọ tuntun. Ó ké ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ amúlémóoru wá, wọ́n kọjú ẹ̀ sí i. Ó han títí, ó wá dákẹ́ lójijì. Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Ó ti móoru. Ó ti sùn.”

Kọfí wọn ò tíì tutù tí fóònù mi fi dún. Ẹ̀yin ni. Látìgbà Kérésì, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa pè nìyẹn. Ẹ ò kí mi. Ẹ ní, “Tenley, kí ló ṣe ẹ̀rọ mi?”

Mo ní Bàbá bò ó.

Ẹ ní, “Bò ó? Ṣé adìyẹ ni? Ooru ló ń mú fáànù yẹn sáré, kì í ṣe òtútù! Tó bá gbóná jù, á pa ara ẹ̀ kó má bàa jóná, á sì ránṣẹ́ sí fóònù mi. Tí ò bá tàn padà, èmi fúnra mi máa wakọ̀ wá lọ́la.”

Mo ní, “Bọ̀dá, Bàbá ṣu…” Ẹ ní kí n lọ ṣí aṣọ lórí ẹ̀ ná. Mo ṣí i. Ó tutù, ó tàn. Ẹ ò wá.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ooru yẹn fún Bàbá. Wọ́n wò mí bíi pé ẹ ti ra èmi náà. Wọ́n ní ooru wo, nínú oṣù kẹta?

Inú bí mi, mo wọ ṣẹ́ẹ̀dì lọ. Kì í ṣe torí yín o, torí oorun Màmá ni. Ohun tí mo rò ni pé afẹ́fẹ́ mọ kọ̀rọ̀ yà, ariwo ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n yà, tó bá sì forí sọ nǹkan rírọ̀, á kú síbẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ sínú àpótí ńlá tí a fi ń kó ápù, mo lẹ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́ ọn nínú, mo to pákó síbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa yà sọ́tùn-ún sósì kó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ náà kó tó jáde. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó ń rùn bí irin àáyọ́ọ̀nù tó gbóná jù. Ẹnu ọ̀nà tí mo ṣe fún afẹ́fẹ́ ti há jù. Àṣé èmi náà ti bò ó bíi ti Bàbá. Mo gé ẹnu ọ̀nà méjèèjì tóbi sí i. Mo yọ àwọn fáànù kékeré, mo fi ńlá kan láti yàrá òtútù wa àtijọ́ rọ́pò wọn, torí fáànù ńlá tó ń rọra yí lè gbé afẹ́fẹ́ tó ti kékeré tó ń sá eré àsápajúdé, kò sì ní máa ké. Mo wá dín iṣẹ́ ẹ̀rọ kù láti orí fóònù bí ẹni sọ díẹ̀ kalẹ̀ nínú ẹrù ẹṣin. Ooru inú ẹ̀ ń wálẹ̀, mò ń wò ó. Mo fa páìpù sítóòfù láti ẹ̀yìn àpótí lọ sí ibi tí Màmá gbin irúgbìn tòmátì sí. Mo gbé ọwọ́ sẹ́nu páìpù, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èémí màlúù.

Màmá ti sùn láti ìgbà náà, wọ́n ń sùn bí ẹni tó ń gba gbèsè.

Bàbá ni ò sùn. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ní nígbà tó ń pariwo àwọn mọ ibi tó wà, ní báyìí ńkọ́? Wọ́n gbé àga lọ síwájú àpótí, wọ́n gbé fúláàsì kọfí dání, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Wọ́n fi ápù kan sẹ́nu páìpù láti dán an wò. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì ápù ti hunjọ bí ojú arúgbó, Bàbá sì gbé e wá fi hàn wá nídìí oúnjẹ, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fà. Mo ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ló gbẹ ẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ máa wí. Ápù náà wà nínú àpòòwé yìí, ẹ̀rí ni.

Ohun tí Bàbá ń fẹ́. Ẹ fowó iná ránṣẹ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ owó ni nǹkan yẹn ń wa lóòótọ́, kó kọ́kọ́ rántí onílé, kì í sì í ṣe owó inú fóònù o, owó tó ní orí èèyàn lára. Ẹ tún fi fọ́tò ara yín ránṣẹ́, kí ẹ di ìwé ìròyìn ọjọ́ náà mú nínú ẹ̀, kó lè dá wọn lójú pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń fi ohùn yín pe ilé. Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣí yín lójú, ohun tó ń ké àti ohun tó dákẹ́, kò ní sí èyí tó máa rí yín gbé ṣe. Ilé ò ní gbàgbé yín, ẹ̀yin náà ò ní gbàgbé ilé. Wọ́n pariwo Àmín, Màmá sì jí.

Ibi tí màá dà kọ dé nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, mo kọ̀wé sí yín lórí fóònù pé mo ti tún un ṣe, pé òdòdó máa tó là, pé ṣé ẹ ń bọ̀. Ẹ ní mo kú orí ire, ó ti dáa báyìí, kò sídìí tẹ́ ẹ tún fi máa wá kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo tún ní òdòdó máa tó là. Ẹ fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí mo rí Bàbá lápá kánáàlì. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di irin fáànù ògbólógbòó yẹn mú, wọ́n fà á. Irin náà ta padà, ó gbé wọn sórí eékún. Wọ́n wò yíká bóyá ẹnì kan rí wọn. Mo yáa fara pamọ́ sẹ́yìn igi, torí mo mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, tí òdòdó bá là tí rédíò sì sọ̀rọ̀ ìrì dídì, mo máa fi aṣọ nípọn kan di ẹnu páìpù yẹn. Ó máa ké díẹ̀, á pa ara ẹ̀ kó tó bàjẹ́, á ránṣẹ́ sí yín bẹ́ ẹ ṣe sọ. Mi ò ní ṣí i títí màá fi gbọ́ táyà ọkọ̀ yín lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò ní mọ̀, Bàbá ò ní mọ̀. Màmá ti ń wá aṣọ ìbora alábùlẹ̀ wọn láti àná, mo sì ń bá wọn wá a. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà.