Fọ́ọ̀mù Orúkọ Tuntun

Oyèdélé,

Mo ti lọ sí Yemẹtú lọ wẹ ọmọ tí àbúrò rẹ bí. Ibi tí mo ti ń palẹ̀ tábìlì mọ́ láàárọ̀ yìí ni mo ti rí fọ́ọ̀mù tí o fẹ́ gbé lọ sí kóòtù. O fẹ́ di Jésùdélé. Wòlíì rẹ ló ní Oyè tó wà nínú orúkọ rẹ ni kò jẹ́ kí o ríṣẹ́ láti ọdún méjì. O ṣeun. Èmi ti rò pé ilé-ìwé tí o ti ń ṣe tíṣà ló kógbá sílé ni.

Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ fi wà lórí ìdùbúlẹ̀ nínú yàrá tí o ń sùn yẹn. Oyè wà nínú orúkọ tiẹ̀ náà. Ọlọ́run kò wò ó sàn, n kò ní purọ́ fún ọ, mo sì sunkún títí. Ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí n kò rí agbára tí mo fi gbé e jókòó. Àbí ìwọ àti wòlíì rò pé Ọlọ́run ti ṣi ilé wa mọ̀ ní Kúdẹtì níbí, àfi kí kóòtù júwe wa fún un?

Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí o máa wọ̀ lọ ìntáfíù lọ́la. Pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù.

Ìrẹsì àti ẹ̀wà wà nínú kúlà. Ti Oyèdélé ni. Bí Jésùdélé bá yà, sọ fún un pé kó lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá tó bí i.