Èèkàn Aláṣọ Pupa Tí Mo Fà Tu

Olúwaṣemílóore ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Igbó Ẹfọ̀n tí o ń gbé kò le koko mọ́ ọ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní já ọwọ́ rẹ sílẹ̀, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, lórúkọ Jésù. Èmi ìyá rẹ wà láàyè, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá, n kò sì ní purọ́ fún ọ. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé Màríàm ló máa ń bá mi tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ kan ọkọ rẹ̀.

O mọ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, omi kànga wa a di oníyọ̀, ẹ̀fọ́ a sì máa kú lórí ebè. Lọ́dún yìí, tẹ̀tẹ̀ mi gbẹ kí n tó já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Oniru rán àwọn ẹnjiníà sí wa pé àwọn fẹ́ gbé táńkì ńlá tí yóò máa tọ́jú omi òjò fún wa, kí wọ́n sì la ojú omi láti ibẹ̀ wọ oko gbogbo wa, mo jó. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé ta ló ni omi ìlú wa, mo kọ Ọlọ́run Olódùmarè. Wọ́n bi mí pé omi mélòó ni mò ń lò lójúmọ́, mo kọ ọ́ pé èyí tí orí mi bá gbé. Ẹnjiníà obìnrin tó gba fọ́ọ̀mù náà, Adétutù lorúkọ rẹ̀, kà á, ó wò mí títí, ó ní ẹ ṣé mà. Lẹ́yìn náà ó na fóònù rẹ̀ sókè, ó ní òun ń bi ohun kan lójú ọ̀run léèrè ibi tí àwọn dúró sí gan-an. Mo bọ́ bàtà mi, mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀ láti ibi tí táńkì yóò wà títí dé oko, wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. O mọ̀ pé àwa aláṣọ funfun kì í bá pupa ṣe. Mẹ́ta nínú wọn sì wọ ilẹ̀ àdúrà wa, níbi tí a gbé wẹ̀ ọ́ nígbà tí ibà fẹ́ gbé ọ lọ. Mo ní àwọn ọmọ yìí kò mọ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n bá wọn tún un ṣe kí ẹ̀bùn Ọlọ́run má baà ní àbùkù. Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ sí oko, mo tú àwọn aṣọ pupa náà, mo dáná sun wọ́n, mo ń kọrin. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé èèkàn wọn kò tò dáadáa, ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún, bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Mo fa gbogbo rẹ̀ tu, mo na okùn ìsáṣọ mi, mo sì tún wọn kàn kí wọ́n gún régé. N kò mọ̀ pé ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Omi kì í gun òkè, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, n kò kàn rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni.

Ọ̀nà tuntun tí mo là yìí yẹ oko Tàjùdéèn, ọkọ Màríàm, sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Tàjùdéèn ti sọ ní ìpàdé, níwájú Baálẹ̀, pé òun kò fẹ́ kí ojú omi gba àárín oko òun, kó tó wá gbà nígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń walẹ̀ dé, tí Adétutù sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèkàn, Tàjùdéèn ni gbogbo ojú yí sí. Ó búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Adétutù ní àwọn kì í gbé iṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n bá ti ń jà nítorí ilẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ wọn padà. A gbọ́ pé ìlú mìíràn ni wọ́n fẹ́ gbé táńkì náà fún. Mo wà níbẹ̀, ọmọ mi, mo sì dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí Tàjùdéèn bá kí àwọn ará ìlú, wọn kì í jẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin kì í jẹ́ kí Màríàm fa omi ní kànga, omi iyọ̀ náà sì ni o. Síbẹ̀ ó ń wá bá mi tẹ fóònù, ó ń kúnlẹ̀ kí mi. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Èmi tí wọ́n ń pè ní ìyá ìjọ, ta ni yóò tún ṣe àmín sí àdúrà mi? Ṣùgbọ́n òjò kò ní pẹ́ dé, yóò sì tún ṣàn lọ lásán bíi tèṣí. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, màá dìde sọ ọ́ níwájú Baálẹ̀.

Jọ̀ọ́, lọ sí Oniru, béèrè Adétutù, sọ fún un pé ìyá rẹ ló ṣe é. Má sọ pé orí mi ti dàrú, torí kò dàrú. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti ènìyàn méjì, àlọ àti àbọ̀, èmi àti Tàjùdéèn la jọ ń lọ bẹ ọ̀gá wọn. Má fi í sí báńkì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ gbé káàdì mi mì, mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn. Tàjùdéèn tó mú lẹ́tà yìí wá ni kí o kó o fún, ó ń gbé ìwọ̀nba ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́ kù fún un lọ sí ọjà Ajah.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí títí dé ibí yìí. Kò bú mi, kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Ó kàn ní, "Ìyá, ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi." Mo kọ ọ́ báyìí: Tàjùdéèn ọmọ Taofeek kò fọwọ́ kan èèkàn kankan.

Olúwa yóò ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá sì ṣe àṣìṣe, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ ru ú. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Àbẹ̀bí