Máàkì Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fún Ọkọ̀ Yín

Yàrá Ìdánwò,
Ilé Iṣẹ́ Ìwé Ìròyìn Ọkọ̀,
Ọjọ́rú.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fi yín sílẹ̀? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kó sì bá ẹ̀yin gan-an lórí ìjókòó, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kà lórí ìdúró. Ní tèmi, ara mi le bí òkúta. Ọkàn mi nìkan ni kò tíì balẹ̀.

Ìwé ìròyìn wa ń jáde lọ́jọ́ Ajé. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí i pé ọkọ̀ pupa ló gba ipò kìíní, ọkọ̀ búlúù tí ẹ̀ ń tà sì ṣe ìkejì. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sí mi pé ọ̀gá yín ti ṣèlérí: tí búlúù bá borí nínú ìwé wa, ẹ̀yin ni wọ́n á fi ṣe olórí yàrá ìtajà, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ ti ń nu gíláàsì, tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà tí kò ní í rà. Tí kò bá borí, ẹni tó dé lánàá ni wọ́n á gbé e fún. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọkọ̀ yín kọ́ ló jẹ̀bi. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ eré ni méjèèjì, oníjòókòó méjì méjì, tí òrùlé wọn jẹ́ aṣọ tó nípọn, tó ń ká ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì. Adájọ́ mẹ́rin ni wá. Ọ̀gá wa obìnrin wà níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Bíréèkì, nítorí wọn kì í kí ọkọ̀ káàárọ̀ kí wọ́n tó tẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Awakọ̀ àgbà kan tí à ń pè ní Bàbá Kọ́nà wà níbẹ̀, àti ayàwòrán wa, àti èmi mẹkáníìkì. Àádọ́ta máàkì ni olúkúlùkù lè fún ọkọ̀ kan. A ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó sì lẹ àpòòwé rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà gbé ti ọmọdé mì.

Òfin kan ló ga ju gbogbo òfin lọ níbí. Ẹni tó bá ní ẹbí nídìí ọkọ̀ kan, kó sọ ọ́ kí a tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Tó bá sọ ọ́, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kí òǹkàwé mọ̀, máàkì rẹ̀ á sì dúró. Tó bá fi pamọ́, a ó fagi lé e. Màmá Bíréèkì wò wá yíká láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní, "Ta ló ní èèyàn?" Mo wo ilẹ̀. Mo dákẹ́.

Kí ló dé tí mo dákẹ́? Ìtìjú ni. Ẹ rántí pé ẹ kọ ọ́ sí mi pé, "Àbúrò, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Ọ̀rọ̀ yẹn ń dún létí mi bí agogo ilé ìwé. Èmi tí mo wá láti ilé ìwé abúlé, tí mo fi agídí wọ ibi iṣẹ́ yìí, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń darí ọwọ́ mi.

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ yín nìyẹn tí mo ń wá àṣìṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Òótọ́ ni pé òrùlé rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógún kó tó padé, tí ti pupa ń lo méjìlá. Òótọ́ náà ni pé tí òrùlé bá ti ká sínú búùtù, àpò kékeré kan ṣoṣo ló kù tí búùtù lè gbà. Ìyẹn tó àléébù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ náà gbé mi kọjá lórí ihò ojú títì bí ìyá tó pọn ọmọ, tó sì yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé bírò dúró. Mo ní nínú ara mi pé, "Wọ́n á ní torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni." Mo yọ máàkì kúrò. Mo tún yọ. Mo fún pupa ní ogójì, mo fún tiyín ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n tú àpòòwé, àwọn mẹ́ta yòókù sún mọ́ra wọn, tèmi nìkan ló dá dúró bí òpó iná. Màmá Bíréèkì bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ọkọ̀ búlúù fi ṣe ọ́? Ṣé ó tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ ni?" Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ irọ́ pa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tà á, mà. Mi ò sì sọ."

Ojúsàájú ni wọ́n máa ń retí lọ́dọ̀ ẹni tó bá fi ẹbí pamọ́. Wọn ò retí ìkà. Mo bá rántí tíṣà wa lábúlé, tó máa ń na ọmọ tirẹ̀ ní ẹgba mẹ́fà níbi tó bá ti na àwa ní mẹ́ta, kí òbí kankan má baà sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. A máa ń yìn ín pé olódodo ni. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọmọ yẹn kò jẹ̀bi kankan, ẹnu àwọn èèyàn ni bàbá rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ohun tí mo fi ọkọ̀ yín ṣe nìyẹn.

Wọ́n fagi lé máàkì mi lójú mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ní mi ò ní í kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá dán èmi náà wò bí a ṣe ń dán ọkọ̀ wò. Kí wọ́n dì mí lójú, kí wọ́n gbé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kí wọ́n má sì sọ èyí tí mo wà nínú rẹ̀. Bàbá Kọ́nà bú sẹ́rìn-ín. "Mẹkáníìkì tó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì ju ohùn ìyá rẹ̀ lọ! Ta lo fẹ́ tàn jẹ?" Màmá Bíréèkì kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n já òwú nínú àpótí ìtọ́jú egbò, wọ́n fi dí mi létí méjèèjì. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n fi dì mí lójú. Wọ́n tẹ́ irú aṣọ kan náà sórí ìjókòó ọkọ̀ méjèèjì kí òórùn awọ má baà tú àṣírí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni adájọ́. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ihò ojú títì ló ń ránṣẹ́ sí ìbàdí mi, afẹ́fẹ́ sì ń gbá mi ní ìpàkọ́ bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Nínú ìkejì, ara mi rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ gba orí mi kọjá pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ náà sì dúró gírí bí ẹni pé òrùlé wà lórí rẹ̀. Mo na ìka sókè, mo pariwo bí adití pé, "Èyí ló dára! Èyí ni pupa!" Nígbà tí wọ́n tú mi lójú, búlúù ni mo jókòó sí. Ayàwòrán wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo arákùnrin yìí! Ó la ojú bú tẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó dijú yìn ín!"

Wọ́n fún mi ní ọkọ̀ méjèèjì kí n wà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà nínú táyà. Mo kọ òótọ́ inú mi: pupa mẹ́tàdínlógójì, búlúù mọ́kànlélógójì. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, wọn ò ka á mọ́ ti àwọn yòókù. Máàkì àwọn mẹ́ta ló dúró: pupa méjìdínlọ́gọ́fà, búlúù mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Máàkì méjì péré. Tí ẹ bá ro tèmi mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé búlúù ni ì bá borí. Ká ní mo la ẹnu láàárọ̀ yẹn, tí mo sì kọ òótọ́, ẹ̀yin lẹ̀ bá jẹ́ olórí yàrá ìtajà. Mo ti ṣe ìṣirò náà ní ìgbà mẹ́fà, kò yí padà.

Mi ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kà á. Pupa kì í ṣe ọkọ̀ burúkú, ó mọ kọ́nà í gbà, mi ò sì ní bú u nítorí yín. Ṣùgbọ́n mo bẹ Màmá Bíréèkì pé kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n gbà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àbájáde pé ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pamọ́, pé ó fi ìbẹ̀rù ṣe ìdájọ́, àti ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ nígbà tí ojú rẹ̀ wà ní dídì. Wọ́n tún ní láti ìsinsìnyí lọ, kò sí ọkọ̀ tí a ó dán wò tí ẹnì kan kò ní í fi ojú dídì gùn. Bàbá Kọ́nà ti ń wá òwú tirẹ̀.

Mo ti gba àyè lọ́jọ́ Ẹtì. Mò ń bọ̀ ní yàrá ìtajà yín pẹ̀lú ìwé tí Màmá Bíréèkì fọwọ́ sí, èyí tó gbé máàkì mi méjèèjì, ti irọ́ àti ti òótọ́. Mo fẹ́ dúró níwájú ọ̀gá yín, kí n sọ fún wọn pé ọkọ̀ wọn kò kùnà, ẹni tó ń tà á kò sì kùnà. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á fún yín ní ipò náà. Ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n á gbọ́. Tí wọn ò bá sì fẹ́ gbọ́, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi gbọ́. Ẹ mọ̀ mí. Mo fi yín pamọ́ nínú yàrá ìdánwò bí ẹni pé ohun ìtìjú ni yín. Lọ́jọ́ Ẹtì, lójú gbogbo èèyàn, màá pè yín ní ẹ̀gbọ́n mi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìgbéga tí ọwọ́ àbúrò kankan kò lè dí lọ́nà. Kí ó ṣọ́ ìyàwó yín àti àwọn ọmọ, kí ó jẹ́ kí a fi ayọ̀ fojú kanra.

Èmi ni àbúrò yín, olóríkunkun tó fẹ́ràn yín,
Mẹkáníìkì.

Àfikún: Mo fi fọ́tò ọkọ̀ búlúù, tí òrùlé rẹ̀ ti ká sẹ́yìn, ránṣẹ́ sí Màmá wa nílé. Wọ́n ní ó dára o, ṣùgbọ́n kí n kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má tà á fún ọmọ ọlọ́mọ títí ẹ ó fi rí ẹni tó jí òrùlé rẹ̀.