Mo Ní Mónítọ̀ Ló Bàjẹ́

Mo parọ́ fún ọkọ mi. Mi ò yan àlè o, mi ò jalè, irọ́ kékeré báyìí ni, àmọ́ ó ti ká mi mọ́ láàárọ̀ òní... Admin, ẹ bá mi hide ID, torí àwọn kọ́sítọ́mà wa pọ̀ lórí page yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ má bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi dá sí i.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sango. Ọ̀gá mi ni wọ́n kí wọ́n tó di ọkọ mi, àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Mónítọ̀ àtijọ́ kan wà lórí tábìlì wa tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wò, ó ti pẹ́ ju ìgbéyàwó wa lọ, ara ẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó, wọn ò sì gbà kí n jù ú nù. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni wọ́n ní ó ti ń ṣe bákan, pé á tàn dáadáa, á ṣàdédé ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ kan, á tún padà wá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ wa mọ̀ pé fault tó máa ń yọ èèyàn lẹ́nu jù nìyẹn, torí tó o bá ní kó o yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, á máa tàn bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé tí mi ò bá mọ ibi tí fault wà, kí n máa pààrọ̀ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo bá pààrọ̀ tí fault náà lọ, òun ló bàjẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo pààrọ̀ kébù, wọ́n ní ó ṣì ń ṣe é. Mo pààrọ̀ wáyà iná, ó ṣì ń ṣe é. Mo gbé e kúrò lórí iná jẹnẹrétọ̀, mo gbé e sára kọ̀ǹpútà mìíràn, mo tú ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá nǹkan ti wú níbẹ̀ tàbí ó ti jóná... kò sí! Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ìgbà tó ń ṣe é yìí, èmi ò fojú ara mi rí i rí. Mo rò pé mo máa ń gbójú kúrò ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kọ́sítọ́mà kan gbé mónítọ̀ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo gbé e sí ipò ti àtijọ́, ọkọ mi jókòó síwájú ẹ̀, èmi dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní ó tún ti ṣókùnkùn, ṣé mo rí i báyìí? Ẹ̀yin èèyàn mi, mónítọ̀ náà ń tàn yòò! Mo ń ka gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀! Mo ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan tán, ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá tó bí wọn fọ́jú kó tó kú, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá náà nìyẹn, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí. Ọkọ mi yíjú sí mi, wọ́n ń wojú mi bí ọmọ tó ń bẹ ìyá ẹ̀... kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Mo ní mo rí i, Bàbá Kàfáyà, ó ṣókùnkùn lóòótọ́, tuntun yìí náà ti bàjẹ́. Ara wọn balẹ̀, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo lọ sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mo rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni. Àṣé irọ́ tí mo pa yẹn, màá máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ ni. Wọ́n bá ní ó ti lọ, mo ní ó ti lọ. Wọ́n bá ní ó ti dé, mo ní ó ti dé. Ojú yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, kí ni mo fẹ́ wí? Àmọ́ àwọn náà ni wọ́n ń fi máṣínnì gbé Kàfáyà, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, láti Àtàn tá à ń gbé lọ síléèwé láràárọ̀, lójú títì Ìdíròkò, láàárín àwọn tírélà tó ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyẹn. Màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wí pé Yà Allah, má jẹ́ kó ṣókùnkùn báyìí, jọ̀ọ́, kì í ṣe báyìí. Ọ̀nà wo ni mo fi yàtọ̀ sí ọ̀tá ọmọ mi?

Àná ni wọ́n gbé mónítọ̀ àtijọ́ yẹn wálé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tú u wò fúnra àwọn. Láàárọ̀ yìí, mò ń wé híjáàbù fún Kàfáyà, mo kẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n ní, Ìyá Kàfáyà, ó tún ti lọ o... ó ti padà dé, ṣé o rí i? Mi ò tiẹ̀ yíjú. Mo ní mo rí i. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, wáyà iná mónítọ̀ náà ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ká a jọ róbótó. Wọn ò tan nǹkan kan látàárọ̀.

Wọn ò pariwo mọ́ mi, ká ní wọ́n tiẹ̀ gbá mi létí, ì bá sàn. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ máṣínnì lápò, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n mú ọmọ lọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo mú un lọ, mo dé, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ò lọ.

Ṣé kí n kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n ni? Ṣé kí n kàn fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú? Ṣé wọ́n á tún gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ lẹ́nu mi láyé yìí? Bí mo ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti pálọ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀, wọ́n ní ṣé òjò ló ń ṣú níta ni. Oòrùn ọ̀sán gangan ló wà níta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ fún mi, kí ni kí n dá wọn lóhùn?